Ilé Àlejò Ìjọba ní Ilẹ̀ Yorùbá: Ohun Èlò Inú Rẹ̀ àti Ètò Ìtọ́jú Rẹ̀

Ìfáàrà

Ó ṣòro kí ènìyàn rin ìrìn-àjò láti Ìbàdàn dé Àkúrẹ́, tàbí láti Abẹ́òkúta dé Ṣakí, kí ó má kan ilé kan tí àwọn àgbà ìlú ń pè ní rẹ́sì-háòsì. Orí òkè ni ó sábà máa ń wà, tàbí ẹ̀yìn odi, ní ibi tí ariwo ọjà kò dé. Àwọn kan nínú wọn ti di ọ́fíìsì, àwọn kan ti di ilé-ẹ̀kọ́, àwọn mìíràn kò sì ju ògiri tí igbó ti bò mọ́lẹ̀ lọ. Àwọn òpìtàn ti kọ̀wé púpọ̀ lórí ajẹ́lẹ̀ tí ó ń sùn nínú irú ilé yìí. Ìwé tí J. A. Atanda kọ lórí ìjọba Ọ̀yọ́ lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jáde ní 1973, jẹ́ àpẹẹrẹ kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn mọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ilé náà fúnra rẹ̀, ibùsùn inú rẹ̀, omi ìwẹ̀ rẹ̀, koríko orí òrùlé rẹ̀ àti ẹni tí ó ń gbá ilẹ̀ rẹ̀, gbólóhùn kan tàbí méjì ni wọ́n sábà máa ń rí gbà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Láti nǹkan bí 1980 ni àwọn olóṣèlú àti oníwèé ìròyìn ti ń tẹnu mọ́ ọn pé àìsàn kan ń bá orílẹ̀-èdè yìí jà, pé a mọ ilé í kọ́ ṣùgbọ́n a kò mọ̀ ọ́n tọ́jú, àti pé ìtọ́jú ohun ìní kò sí nínú àṣà wa. Ilé àlejò ìjọba tí ó ti wó ni wọ́n sì sábà máa ń nàka sí bí ẹ̀rí. Bí ẹ̀sùn yìí bá jẹ́ òtítọ́, ó yẹ kí ìtàn ilé àlejò gbè é lẹ́sẹ̀. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìtàn náà kò gbè é, pé ètò ìtọ́jú kan wà tẹ́lẹ̀ tí ó lágbára, àti pé ọ̀nà tí wọ́n gbà lo ètò náà fún àlejò tí ẹnikẹ́ni kò pè ni ó sọ ọ́ di ohun ìkórìíra kí ó tó parẹ́.

Àlejò nínú agbo ilé

Èdè fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí àkọ́kọ́. Yorùbá kì í sọ pé àlejò gba ilé. Ó ń sọ pé àlejò wọ̀ sí ilé ẹnì kan. Ìbéèrè tí a máa ń bi àjèjì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni pé, ‘Ilé ta ni ẹ wọ̀ sí?’ Ẹni ni ìdáhùn rẹ̀, kì í ṣe ibi. Nítorí náà, ibùwọ̀ kò ṣeé yà kúrò lára onílé. Ohun tí ó sún mọ́ ilé tí a kọ́ fún àwọn tí ń kọjá lọ nìkan ni ilé èrò, ọ̀rọ̀ tí Bíbélì Yorùbá lò níbi tí Luku ti ń sọ pé àyè kò sí fún Josefu àti Maria. Èrò sì ni ẹgbẹ́ àwọn tí ń rin ìrìn-àjò pọ̀, àwọn ẹlẹ́rù àti aláròóbọ̀ tí wọ́n ń kó ọjà láti ìlú kan dé èkejì.

Ohun èlò tí onílé ń pèsè kò pọ̀. Ẹní, aṣọ ìbora, fìtílà elépo, omi tútù láti inú àmù, omi gbígbóná fún ìwẹ̀, oúnjẹ: bí ìwọ̀nyí bá ti pé, yàrá àlejò ti pé. Ọ̀pọ̀ nínú ohun èlò wọ̀nyí kò jẹ́ ti yàrá náà. Ẹní tí àlejò sùn lé lánàá lè jẹ́ èyí tí ìyàwó ilé jókòó lé lónìí. Nítorí bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí ń jókòó jẹrà nínú òkùnkùn títí àlejò mìíràn yóò fi dé, gbogbo rẹ̀ ni ọwọ́ ń kàn lójoojúmọ́. Owe tí ó ní ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án, fi hàn pé àwọn àgbà mọ̀ pé àlejò ṣíṣe ní iye tí ó ń náni, àti pé onílé ni ó ń san iye náà. Ohun tí onílé sì ń rí gbà padà ni iyì, ìròyìn láti ìlú òkèèrè, àti ibùwọ̀ tirẹ̀ ní ọjọ́ tí òun náà bá di àlejò.

Ìtọ́jú ilé náà wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé ju bí àwọn ìwé ti sábà ń jẹ́wọ́ lọ. Ilẹ̀ tí a fi amọ̀ ṣe kì í pẹ́ sán bí a kò bá ń rà á. Àwọn obìnrin a máa pò ìgbẹ́ màlúù mọ́ oje ewé, wọ́n a fi ọwọ́ rà á sílẹ̀ títí yóò fi dán. Ní ibi tí igi irúgbá bá wà, wọ́n a se èèpo èso rẹ̀, omi rẹ̀ a sì mú kí ilẹ̀ àti ògiri le gírígírí, kí òjò má tètè fọ̀ ọ́. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Lemọ́lemọ́ ni, ẹni tí ó bá sì fi í sílẹ̀ fún ìgbà òjò kan yóò rí àbájáde rẹ̀ lára ògiri.

Nígbà tí Clapperton dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, àti nígbà tí Richard Lander àti John, àbúrò rẹ̀, tọ ọ̀nà kan náà ní 1830, irú ilé báyìí ni wọ́n wọ̀ sí. Nínú ìwé tí wọ́n kọ sílẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1829 àti 1832, ọba àti baálẹ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó ń yan ilé fún wọn, tí ó sì ń fi oúnjẹ ránṣẹ́. Àwọn àlejò náà ń fi ẹ̀bùn dúpẹ́. Wọ́n kùn nípa ooru, nípa ariwo àti nípa ogunlọ́gọ̀ tí ń wá wò wọ́n, ṣùgbọ́n ilé kò wọ́n wọn.

Kí ó má bàa dà bí ẹni pé inú rere nìkan ni ó wà nídìí ètò yìí, ó yẹ kí ènìyàn wo ti àwọn oníṣòwò. Ní Sábó, Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1916 fún àwọn Haúsá, baba onílé ni ó ń fún olówò obì àti olówò màlúù ní yàrá àti oúnjẹ láìgba kọ́bọ̀. Èrè rẹ̀ wà nínú owó ọjà, nítorí òun ni alárinà tí ó ń bá àlejò rẹ̀ tà á. Abner Cohen ṣe àlàyé èyí yékéyéké nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1969. Baba onílé bẹ́ẹ̀ kò ní jẹ́ kí òrùlé jò sórí obì àlejò rẹ̀, nítorí obì tí ó bá bàjẹ́ ti ba owó tirẹ̀ náà jẹ́. Níhìn-ín, ẹni tí ń jèrè ilé náà ni ó ń tọ́jú rẹ̀.

Koríko ààfin

Ilé kan wà ní ìlú tí kì í ṣe ti agbo ilé kan ṣoṣo, tí gbogbo ènìyàn sì ní ọwọ́ nínú ìtọ́jú rẹ̀. Ààfin ni. Kò sí ibi tí èyí ti hàn tó Ọ̀yọ́, níbi tí ọdún Bẹẹrẹ ti wà. Bẹẹrẹ ni orúkọ koríko tí wọ́n fi ń bo òrùlé ààfin. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ìlú tí ń sin Aláàfin a máa ru koríko yìí wá ní ìtì-ìtì, ọjọ́ náà a sì di ọjọ́ ìjọsìn, ọjọ́ ijó àti ọjọ́ ìfihàn ìtẹríba. Bí ó ti ṣe pàtàkì tó, wọ́n ń fi í ka iye ọdún tí Aláàfin ti lò lórí ìtẹ́.

Koríko kì í pẹ́ lórí ilé. Òjò, ikán àti eku ń bá a jà, ibi tí ó bá sì ti tinrin ni omi yóò gbà wọlé. Ilé olóríkoríko tí wọ́n bá pa tì ń wó kíákíá. Ṣùgbọ́n àìpẹ́ yìí gan-an ni ó bí ètò. Nítorí pé koríko ń bàjẹ́, ìpéjọ kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Nítorí pé ìpéjọ kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, ìtọ́jú ààfin ti wọ inú kàlẹ́ńdà ìlú, kò dúró de ìgbà tí ẹnì kan bá rántí. Àwọn ìlú mìíràn ní ètò tiwọn lábẹ́ àwọn ọba wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò sọ ọ́ di ọdún ńlá bí ti Ọ̀yọ́. Ẹni tí ó bá ń sọ pé Yorùbá kò ní àṣà ìtọ́jú kò tíì ka Bẹẹrẹ mọ́ ọn.

Dídé ajẹ́lẹ̀

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ lẹ́yìn ogun Kírìjì àti àwọn ìwé àdéhùn ọdún 1893, iṣẹ́ ajẹ́lẹ̀ di iṣẹ́ ìrìn-àjò. Ó ní láti máa lọ láti ìlú dé ìlú, kí ó gbọ́ ẹjọ́, kí ó wo ọ̀nà, kí ó ka orí àwọn tí yóò san owó orí. Kò wọ̀ sí ilé ẹnikẹ́ni. Èrò rẹ̀ ni pé onídàájọ́ kò yẹ kí ó sùn sábẹ́ òrùlé ẹni tí ó lè dá ẹjọ́ rẹ̀, ìyẹn sì mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n ìdí kejì wà. Lẹ́yìn tí Ronald Ross ti fi hàn ní 1897 pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà, ọ̀nà méjì ni àwọn aláṣẹ rò. William MacGregor, tí ó jẹ́ Gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, tí ó sì jẹ́ oníṣègùn, gbà pé kí wọ́n gbẹ́ ojú àgbàrá, kí wọ́n lo kuníìnì, kí wọ́n sì ta àwọ̀n sí ojú fèrèsé, fún dúdú àti funfun. Àwọn mìíràn ní kí òyìnbó má ṣe gbé nítòsí ènìyàn dúdú rárá. Lẹ́yìn MacGregor, èrò kejì ni ó borí. Òfin ìlú ti 1917, ní àkókò Lugard, fi àlàfo tí ó fẹ̀ tó 440 yáàdì sáàárín àdúgbò òyìnbó àti ti ọmọ ìbílẹ̀. Ní ìlú tí kò ní àdúgbò òyìnbó, rẹ́sì-háòsì ni ó gba àyè náà. Ìdí nìyí tí ó fi wà lórí òkè.

Rẹ́sì-háòsì àkọ́kọ́ kò ní ju amọ̀, igi àti koríko lọ: yàrá kan tàbí méjì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó yí i po, ilé ìdáná lọ́tọ̀, àtíbàbà fún àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ àti ẹṣin. Inú rẹ̀ ṣófo. Ohun èlò kò sí níbẹ̀ nítorí pé orí ènìyàn ni ohun èlò ń gbà rin. Aláàárù kọ̀ọ̀kan ń ru ẹrù tí ó tó kílò 25 sí 30, nínú ẹrù wọ̀nyí ni gbogbo ilé ajẹ́lẹ̀ wà: bẹ́ẹ̀dì tí ó ṣeé ká pọ̀, àwọ̀n ẹ̀fọn, tábìlì kékeré, àga oníkánfáàsì, asẹ́ omi, fìtílà, àpótí oúnjẹ. Ọpọ́n ìwẹ̀ onípáànù ní ìdérí àti àgádágodo, nítorí pé lójú ọ̀nà, òun náà ni àpótí aṣọ. Bí ẹni bá ka ìwé tí Constance Larymore, ìyàwó ajẹ́lẹ̀ kan ní Àríwá Nàìjíríà, tẹ̀ jáde ní 1908, yóò rí i pé apá ńlá kan nínú rẹ̀ kò dá lórí nǹkan mìíràn ju bí ènìyàn ti ń di irú ilé yìí, bí ó ti ń tú u, àti bí ó ti ń tọ́jú rẹ̀ lọ.

Kúùkù ni ó kọ́kọ́ máa ń dé. Yóò gbé ààrò kalẹ̀, yóò fi agolo kẹrosíìnì se omi ìwẹ̀, yóò se omi mímu lọ́tọ̀ kí ó tó dà á sínú asẹ́. Wọ́n a fi ẹsẹ̀ tábìlì oúnjẹ sínú agolo kékeré tí omi tàbí kẹrosíìnì wà nínú rẹ̀ kí èèrà má bàa gùn ún. Ẹrú ikán ni igi yòókù: ìrókò àti apá nìkan ni ó ń dúró. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n a tún di gbogbo rẹ̀, ilé a sì padà di òfìfo.

Rélùwéè tí ó dé Ìbàdàn ní 1901, àti ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ ní 1906, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí yí èyí padà, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ́tò dé kì í kó aláàárù 30 lẹ́yìn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, kò ní ibi tí yóò sùn sí. Báyìí ni bẹ́ẹ̀dì fi bẹ̀rẹ̀ sí dúró sínú ilé, lẹ́yìn rẹ̀ tìmùtìmù tí wọ́n ki òwú igi àràbà sí, tábìlì ìjẹun, àga ọlọ́wọ́ méjì tí P.W.D. fi ọ̀gànwó tàbí ìrókò kàn, gbogbo rẹ̀ ní ìrísí kan náà láti Badagry dé Ìlọrin. Ohun tí ó sì ń dúró nílò ẹni tí yóò ṣọ́ ọ. Ìwé ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ: àkọsílẹ̀ ohun èlò kan máa ń wà lára ògiri, tí ó ka ṣíbí, àwo àti ìrọ̀rí ní oókan-oókan. Onítọ̀ọ́jú kan tí Ìjọba Ìbílẹ̀ ń san owó oṣù fún ni ó ń dáhùn bí ṣíbí kan bá dín. Ó jọni lójú pé àkọsílẹ̀ náà a máa ka ṣíbí, kò sì ní í ka ọjọ́ iṣẹ́ àwọn tí ó tún òrùlé ṣe.

Iṣẹ́ àwọn tí kò sùn níbẹ̀

Ta ni ó tún òrùlé náà ṣe? Ìdáhùn náà kò fara sin. Ọba àti baálẹ̀ ni ajẹ́lẹ̀ ń ránṣẹ́ sí, àwọn náà a sì pe àwọn ọ̀dọ́ ìlú jáde bí wọ́n ti ń pè wọ́n fún iṣẹ́ ààfin. Ètò tí ó ń bo ààfin ni wọ́n gbé lọ sórí òkè. Lójú ajẹ́lẹ̀, kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Àṣà ìbílẹ̀ ni, òun kò sì ṣe ju kí ó lo àṣà tí ó bá nílẹ̀ lọ. Ẹ̀tàn wà nínú àlàyé yìí, bí ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ẹni tí ó ru bẹẹrẹ lọ sí Ọ̀yọ́ ń ru ú lọ sí ilé ọba rẹ̀. Ó ń jẹ, ó ń mu, wọ́n ń rí i, ìlú rẹ̀ sì ní orúkọ nínú ayẹyẹ náà. Ẹni tí ó ru koríko lọ sí rẹ́sì-háòsì kò lè jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá bò ó tán. Bí ó bá kọ̀, kóòtù ìbílẹ̀ ń dúró dè é.

Òrùlé nìkan kọ́. Wọ́n ń roko ọ̀nà, wọ́n ń ru ẹrù, wọ́n ń pọn omi, wọ́n ń wá igi ìdáná àti ẹyin adìyẹ fún àlejò. Lábẹ́ Captain Ross, tí ó jẹ́ Résídẹ́ńtì Ọ̀yọ́ láti 1914 sí 1931, agbára tí wọ́n fún Aláàfin ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ẹrù tí ó sì já lé àwọn ìlú òkè ògùn pọ̀. Ní 1916, Ìsẹ́yìn àti Òkèihò dìde, wọ́n sì pa Ọnjọ Òkèihò. Ní 1918, ogun Adúbí bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, níbi tí owó orí tuntun, iṣẹ́ ipá lójú ọ̀nà àti owó ìtanràn àwọn wolé-wolé ti mú kí àwọn ará oko fa irin rélùwéè tu. Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé nítorí rẹ́sì-háòsì ni wọ́n fi jà. Ìyà iṣẹ́ ọ̀nà tóbi ju tirẹ̀ lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ibi kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá, ilé orí òkè sì ni ojú ń rí lójoojúmọ́.

Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Geneva ní 1930 lórí iṣẹ́ ipá, àti òfin tí ó tẹ̀lé e ní Nàìjíríà ní 1933, dín in kù. Láti ìgbà náà ni owó ti ń gba ipò ọwọ́. Ìjọba Ìbílẹ̀ ń kọ iye kan sínú ìwé ìnáwó ọdọọdún fún àtúnṣe. Páànù, tí owó kòkó ti mú kí ó pọ̀ nígboro, sì bẹ̀rẹ̀ sí rọ́pò koríko. Àǹfààní ńlá ni páànù. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ padà sí abẹ́ koríko tí ń jò, ẹni tí ó bá sì ń kẹ́dùn fún koríko lónìí kò tíì gùn ún. Síbẹ̀, páànù kò pe ẹnikẹ́ni jọ. Ó lè lo ogún ọdún kí ó tó dípẹtà, ní ogún ọdún náà sì ni àwọn tí ó mọ ọjọ́ ìtọ́jú ti kú tàbí ti gbàgbé. Nígbà tí ó bá wá jò, kì í ṣe igbó ni wọ́n yóò lọ láti wá àtúnṣe, owó ni wọ́n yóò tọrọ, lọ́dọ̀ ọ́fíìsì tí ó jìnnà.

Ìlẹ̀kùn Bristol

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó tún ilé ṣe kò ṣeé yà sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sùn níbẹ̀. Fún ogójì ọdún, ẹnikẹ́ni kò nílò láti kọ ọ́ sára ògiri pé ènìyàn dúdú kò gbọ́dọ̀ sùn ní rẹ́sì-háòsì òyìnbó. Akọ̀wé, ògbifọ̀ àti akódà tí ó bá ajẹ́lẹ̀ rìn ń wọ̀ sí ìgboro. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì Èkó pẹ̀lú ní àṣà kan náà.

Ní oṣù Èrèlé 1947, Ivor Cummings dé sí Hòtẹ́ẹ̀lì Bristol ní Èkó. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ amúnisìn ni, Ìlú Ọba ni wọ́n ti bí i, ìyá rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, baba rẹ̀ sì wá láti Sàró. Wọ́n ti gba yàrá sílẹ̀ fún un. Nígbà tí wọ́n rí àwọ̀ rẹ̀, wọ́n ní yàrá kò sí. Ìròyìn náà tàn ká bí iná ọyẹ́. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e, ìlú pariwo, ìtìjú sì bá ìjọba, nítorí òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ni wọ́n lé. Ní ọdún náà kan náà, Gómìnà Arthur Richards pàṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ dópin ní àwọn ibi tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn.

Ìtàn Bristol gbajúmọ̀. Èyí tí kò gbajúmọ̀ tó o ni ohun tí àṣẹ náà túmọ̀ sí fún àwọn ilé orí òkè ní Oǹdó, Iléṣà àti Ọ̀yọ́. Láti àkókò yìí, olùkọ́ àgbà, dókítà àti mínísítà tí ó jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sùn nínú ilé tí bàbá wọn ti lè bo òrùlé rẹ̀ láìgbowó. Àwọn rẹ́sì-háòsì olóúnjẹ, tí kúùkù, sítíwọ́ọ̀dù àti àwo funfun wà nínú wọn, ń gbilẹ̀ ní àwọn ìlú ńlá. Ṣùgbọ́n ohun èlò inú wọn kò yí padà. Àga P.W.D. kan náà ni, iye ìrọ̀rí kan náà, ọbẹ̀ òyìnbó kan náà ní ọ̀sán Sunday. Ẹni tí ó bá fẹ́ iyán ní láti ránṣẹ́ sí ìgboro. Àlejò ti yí padà, onílé kò tíì yí padà, bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ lè sọ ẹni tí onílé jẹ́.

Ilé tí kò ní onílé

Ìbéèrè yìí ni ó gbilẹ̀ lẹ́yìn òmìnira. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kọ́ àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá. Premier ní Òkè Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1966, ni ó lókìkí jù. Ní 1976, wọ́n pín ìpínlẹ̀ náà sí mẹ́ta, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ilé-iṣẹ́ Odù’a, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún náà kan náà, gba àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá tí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jùmọ̀ ní. Àwọn rẹ́sì-háòsì kéékèèké kò ní irú olùtọ́jú bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn bọ́ sáàárín ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀, bí ọmọ tí bàbá méjì ń jẹ́ tirẹ̀ nígbà tí ó bá gbayì, tí kò sì sí bàbá kankan nígbà tí ó bá ń ṣàìsàn.

Ìkógòsì ní Èkìtì ni ibi tí ó dára jù láti rí èyí, nítorí pé ibi ìsinmi gidi ni, kì í ṣe ibùdó òṣìṣẹ́ ìjọba. Omi gbígbóná ń ṣàn pàdé omi tútù níbẹ̀, méjèèjì sì jọ ń lọ láìparun. Ní 1952, John McGee, àlùfáà ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ibùdó fún àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìjọba wọ̀ ọ́, wọ́n kọ́ ilé kéékèèké fún àwọn àlejò, ó kọjá láti ọwọ́ Ìwọ̀-Oòrùn sí Oǹdó, àti ní 1996, nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, sí ọwọ́ Èkìtì. Ìjọba tí ó bá dé a ra bẹ́ẹ̀dì tuntun, a kun ògiri, a pe àwọn oníròyìn. Láàárín ìjọba kan àti èkejì, ọ̀rinrin a wọ ara tìmùtìmù, páìpù a dí, ẹ̀rọ iná a dákẹ́. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fi ibẹ̀ lé ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́.

Kì í ṣe ìwà àwọn òṣìṣẹ́ nìkan ni ó fa èyí. Owó epo rọ̀bì já lulẹ̀ láti 1981, ìyípadà ètò ọrọ̀ ajé ti 1986 sì dín iye náírà kù. Ohun èlò rẹ́sì-háòsì ti di ohun tí ń ti òkè òkun wá: ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ̀rọ omi, ìgò ìwẹ̀, àwọ̀n ojú fèrèsé. Nígbà tí òrùlé jẹ́ koríko, ohun àtúnṣe rẹ̀ wà lẹ́yìn odi. Nígbà tí ẹ̀rọ omi bá bàjẹ́ ní 1987, ohun àtúnṣe rẹ̀ wà lẹ́yìn òkun, pẹ̀lú dọ́là. Onítọ̀ọ́jú tí ó ń gba owó oṣù lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kò ní ohun tí yóò ṣe ju kí ó ti yàrá náà pa, kí ó sì máa gbá ìyókù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbá a títí kò fi sí àlejò mọ́. Àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀sùn àìní àṣà ìtọ́jú ń bà lé lórí, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ kẹ́yìn.

Ilé àlejò ti padà sọ́wọ́ onílé nísinsìnyí, lọ́nà mìíràn. Ní Lẹ́kì, ní Ìkẹjà àti ní Bódìjà, àwọn tí ó ní ilé ń to yàrá fún àlejò ọlọ́jọ́ mélòó kan, pàápàá fún àwọn ọmọ wa tí ń ti Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà wá sílé ní oṣù Ọ̀pẹ. ‘Shortlet’ ni wọ́n ń pè é. Àkọsílẹ̀ ohun èlò tún ti padà, ó wà lórí fóònù dípò ara ògiri: aṣọ ìbùsùn, ìgbáàlẹ̀, ẹ̀rọ amúnáwá, omi kànga ẹ̀rọ. Àlejò ń fi owó ìdúró sílẹ̀ nítorí ohun tí ó bá fọ́. Nínú ìwé owó tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fún àlejò, owó ìtọ́jú ilé ní ìlà tirẹ̀, lábẹ́ owó ibùsùn, tí gbogbo ojú lè rí. Bí ó ti rí nínú ìwé rẹ́sì-háòsì, orúkọ ẹni tí ó ń gbá ilẹ̀ náà kò sí níbẹ̀.